Ẹni Tó Ń To Kẹ́ẹ̀gì

Àárọ̀ Sátidé, ìrì ṣì wà lórí kànkéré,
mo wọ àgbàlá sọ́ọ̀mìlì tó ti kú
lẹ́yìn Òkè-Sopẹ́n, Ìjẹ̀bú-Igbó.
Wọ́n ti ta ẹ̀rọ ìlagi fún onírin àlòkù,
lọ́rì tó ń kó gẹdú bọ̀ láti J4 kò yà síbí mọ́,
àmọ́ ilẹ̀ ṣì ń rùn bí ìrókò tútù.
Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rìnlélógún, aláwọ̀ ìyeyè,
mo bu yanrìn dé ìdajì ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Iṣẹ́ mi nìyẹn. N kì í wakọ̀.

Awọnlẹ̀ ni bàbá mi.
Ó máa ń sọ pé àwọn tó ń jà sí ilẹ̀
kì í wo ojú ẹni tó ri òpó mọ́lẹ̀,
ojú ara wọn ni wọ́n ń wò.
Òpó tó bá yẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì péré
ti gba igi obì lọ́wọ́ ọmọ òrukàn,
kò gbé àdá, kò sọ̀rọ̀.
Mo ń rántí rẹ̀, mo ń ka ìṣísẹ̀.

Ìṣísẹ̀ mẹ́jọ láàrin kẹ́ẹ̀gì àti kẹ́ẹ̀gì:
Stálẹ́ẹ̀tì Kúkọ̀yí, àbúrò mi, ti jẹ nìyẹn
kó tó tanná sí ọkọ̀.
Ọkọ̀ kúkúrú, tí wọ́n fi okùn so ìlẹ̀kùn rẹ̀ kan,
ó ń yọ́ kọjá bí alángbá láàrin ìtì igi.
Bẹ́ńsì Ṣóbándé dé ẹnu ìyànà,
orí rẹ̀ ti kí ará òsì,
ìdí rẹ̀ ṣì ń bá ará ọ̀tún sọ̀rọ̀.
Kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta ló gbá lulẹ̀,
ìṣẹ́jú àáyá méjì-méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Wọ́n ní, “Kúkọ̀yí mà lọ́wọ́ o!”
Mo gbá kẹ́ẹ̀gì tó fọ́ jọ,
mo gbá yanrìn rẹ̀.

Oṣù kejì, mo na ọ̀nà:
láti ẹnu géètì títí dé ahéré akọ̀wé owó,
ìyànà kan ṣoṣo, fífẹ̀ bí etí abọ́ ńlá.
Bẹ́ńsì mí kanlẹ̀.
Stálẹ́ẹ̀tì ń ké bọ̀ lẹ́yìn
bí ẹ̀rọ ìlọta tí ata ti tán nínú rẹ̀.
Wọ́n ní owó ló ń sáré.
Owó kọ́.

Òjò sì tún ní tirẹ̀.
Bí ìyẹ̀fun pákó bá ti mu omi,
Gọ́ọ̀fù Nọ́ọ̀sì Tinúadé a máa fi ẹsẹ̀ iwájú wọ́ ara rẹ̀ jáde,
pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń fa ewúrẹ́ nínú ẹrẹ̀;
Pijó tó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti ara rẹ̀,
ìdí rẹ̀ á fẹ́ ṣíwájú orí rẹ̀.
Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ, kí n sì fún ìyànà pọ̀ lójijì,
imú Gọ́ọ̀fù á kọ̀ láti yí,
á máa wo ọgbà bí ẹni gbàgbé nǹkan síbẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, Kúkọ̀yí jókòó tì mí.
“Ẹ̀gbọ́n, ìṣísẹ̀ mélòó ni lọ́la?”
Ọmú kan náà la jọ mu.
Mo ní kó lọ sùn.
Èmi náà ò sùn.

Ilẹ̀ mọ́. Mo to ìlàjì kan há, mo to ìlàjì kejì gbòòrò,
mo sì fi ìyànà tó ń yí padà há wọn láàrin.
Ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé, kò sí èyí tó fi ìṣẹ́jú àáyá kan ju èkejì lọ.
Kúkọ̀yí ní ó gùn jù.
Ṣóbándé ní ó há jù.
Onípijó bú ìyá ẹni tó ní àgbàlá.
Inú mi dùn dé ibi tí ojú fi ń tì mí.

Nọ́ọ̀sì Tinúadé nìkan ló bọ́ọ́lẹ̀,
tó rìn padà láti kẹ́ẹ̀gì dé kẹ́ẹ̀gì,
tó ń ka ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ ẹnu.
Ó dúró níwájú mi.
“Ta ló to èyí?”

Mo da yanrìn nù.
Òrùka omi mẹ́rìnlélógún ló kù lórí kànkéré,
oòrùn sì ń lá wọn lọ, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.