Ọmọ Ẹlẹ́ní Àtẹ́ẹ̀ká

Wọ́n ń kì wá ní Iléṣà pé ọmọ ẹlẹ́ní àtẹ́ẹ̀ká,
àwa tí ẹní wa kì í tán nílẹ̀.
Ṣùgbọ́n òjò ọdún mẹ́ta ló pa Ajíbíkẹ́
níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n tì pa lẹ́yìn ọjà Àtakúnmọ́sà.
Páálí ló ń tẹ́,
páálí tí wọ́n fi di bisikíìtì wá láti Ìbàdàn.

Èmi náà kọjá. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́.
Mo kọjá lálọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo kọjá lábọ̀,
mo ń sọ pé "ẹ kú ìjókòó o,"
bí ẹni pé inú pálọ̀ ló jókòó sí.

Dáyìísí olùkọ́ ló kọ́kọ́ dúró.
Ó rí yàrá kan ní Bọ̀lọ̀rúndúró, ó san owó ọdún kan,
ó wá ń kiri ojúlé wa lọ́kọ̀ọ̀kan:
"Kí lẹ ní tí ẹ kò lò?"
Ìbéèrè tó burú nìyẹn.
Ó ń mú kí ènìyàn wo yàrá ara rẹ̀.

Tìámíyù gbé tábìlì wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú.
Ìyá Ọmọ́túndé ní kí a wá gbé fóòmù;
kò sọ ẹni tó sùn lórí rẹ̀ kẹ́yìn, a kò bi í.
Sítóòfù kan, òwú rẹ̀ ṣì funfun.
Ṣíbí méjì.
Mo ní, kí ló dé tó fi jẹ́ méjì?
Dáyìísí ní, "Ṣé kò ní í lálejò ni?"
Ojú tì mí.

Èmi? Kọ́tìnnì ni mo mú wá,
aláwọ̀ ewé, èyí tí ìyàwó mi ti kórìíra tipẹ́.
Ohun tí a kò fẹ́ la sábà fi ń ṣàánú.
Mo padà sílé lọ tú èyí tó wà lójú fèrèsé wa.
Ìyàwó mi bá mi di àga mú. Kò sọ nǹkan kan.
Ó fọ̀ ọ́, ó lọ̀ ọ́.

A kun ògiri lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀dà náà pọ́n ju bí a ti fẹ́.
A gbé fóòmù gba kọ̀rọ̀ kan tó fún bí ọrùn ìgò,
Tìámíyù ń pariwo "ẹ rọra!"
òun fúnra rẹ̀ kò rọra.

Ìrọ̀lẹ́ ni Ajíbíkẹ́ dé, tòun ti àpò kan.
Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu,
síbẹ̀ ó kàn án.
"Àgò o. Onílé ńkọ́?"
Kò sí ẹni tó lè dáhùn pé àgò yà.
Dáyìísí fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.
Ó ti ilẹ̀kùn, ó ṣí i; ó tì í, ó ṣí i,
bí ọmọdé tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ara rẹ̀.

Kò dúpẹ́ púpọ̀. Ó ní ilẹ̀ ń ṣú,
ó ní kí a máa lọ, òun fẹ́ gbálẹ̀.
Ó dun Tìámíyù: "A ò tiẹ̀ gbàdúrà!"
Kò dùn mí.
Ta ní í lé àlejò bí kò ṣe onílé?

Ní Túsìdeè mo padà,
mo mú ìṣó àti pátákó dání nítorí ẹsẹ̀ tábìlì.
Mo ti ilẹ̀kùn. Ó wà ní títì.
"Ta nìyẹn?" Ohùn náà le.
"Èmi ni."
"Ìwọ ta?"
Mo pe orúkọ mi, mo pe ti bàbá mi.
"Ẹ dúró ná, mo ń wọṣọ lọ́wọ́."

Òṣómàáló ni bàbá mi. Ó ta aṣọ láwìn dé Ṣakí,
ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó fi jáde.
Èmi náà lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà Ajíbíkẹ́,
ìṣó lápò, òjò ń kán sí mi lọ́rùn.
N kò wá gba nǹkan kan.
Bóyá èmi gan-an ni mo jẹ gbèsè,
gbogbo "ẹ kú ìjókòó" tí mo fi kọjá lọ.

Ó pẹ́ kó tó ṣí i.
Ó dùn mọ́ mi pé ó pẹ́.
"Ẹ káàbọ̀," ó ní,
"ẹ bọ́ bàtà yín síta."