Kílò Mẹ́rin

Wọ̀rú ní ká má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan.
Ó kọ́kọ́ fi àkísà nu orí ẹ́ńjìnnì náà,
ó nù ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó sunkún sùn,
kí iyanrìn òkè Ṣábẹ̀ẹ́ má baà já sínú sìlíńdà.
Ó wá tú bují.
Púlọ́ọ̀gì ni wọ́n ń pè é lódìkejì odò Ọ̀párà.
Ohun yòówù kó máa jẹ́, ó dúdú, ó lọ́ràá,
ó ń rùn bíi fìtílà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pa.

Họ́ńdà bàbá wa nìyí,
èyí tó fi owó òwú ọdún mẹ́ta rà,
tó fi gbé iṣu, tó fi gbé ewúrẹ́,
tó fi gbé páànù orí ilé tí à ń sùn sábẹ́ rẹ̀.
Ọdún mẹ́rin ló ti wà lẹ́bàá àká,
tí adìẹ ń yé sórí ìjókòó rẹ̀.
Bíaú ẹ̀gbọ́n mi ló ní ká tà á.
Ẹni tí yóò rà á ń bọ̀ láti Kílìbò.

Irin ìwọ̀n tí Wọ̀rú ní, gíláàsì rẹ̀ ti sán,
abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ń gbọ̀n bí ìka arúgbó.
Ó yí i bọ ihò bují, ó fún un.
“Fa gáàsì dé òpin, má dẹ̀ ẹ́.”
Mo fà á.
Bíaú gbẹ́sẹ̀ lé kíìkì:
gbì. Gbì. Gbì. Gbì.
Ẹ̀ẹ̀meje. Òógùn ń kán nímú rẹ̀.
Abẹ́rẹ́ gòkè, ó ronú, ó dúró.
Kílò mẹ́rin.
“Alùpùpù tí yóò gun òkè,” Wọ̀rú ní, “mẹ́jọ ló ń jẹ.”

Ó yọ irin náà, ó pè mí.
“Fi àtàńpàkò rẹ dí ihò yẹn.”
Bíaú tún ta á.
Afẹ́fẹ́ kan fi ètè kàn mí níka,
kò tì mí, kò lé mi,
ó kàn yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ lọ,
bí àna tó fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ilé,
tó tún gbé e mì.

Ọ́ìlì, ìwọ̀n ṣíbí tíì kan, ni Wọ̀rú dà síhò.
Gbì. Gbì. Gbì.
Abẹ́rẹ́ fò dé méje!
Bíaú hó yèè.
Wọ̀rú kò rẹ́rìn-ín.
“Ríǹgì ló ti jẹ. Fáàfù kò ṣe nǹkan.
Ọ́ìlì ló dí àlàfo un. Bó bá jó tán,
ẹ óò padà sí mẹ́rin yín.”
“Yóò pẹ́ kó tó jó?”
Bíaú ló béèrè, kò wo ojú mi.
“Ó lè gbé ẹni tó rà á kọjá ojú irin.
Kò ní gbé e délé.”
Bíaú wo ṣíbí.
Èmi náà wo ṣíbí.

Bàbá Odúnlámì dé, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀.
Kò béèrè iye. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀kan,
ó fọwọ́ pa ibi tí táńkì ti tẹ̀ wọnú.
Ẹnu mi ló yára jù mí lọ:
“Bàbá, a ti da ọ́ìlì sí i. Mẹ́rin ni, kì í ṣe méje.”
Bíaú gbójú sókè, bí ẹni ń ka òkúta orí òkè.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.
“Lóru tí bàbá yín gbé ìyàwó mi tó ń rọbí,
nínú òjò, tí èmi ń tì wọ́n lẹ́yìn
nínú ẹrẹ̀, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn,
ẹ rò pé mẹ́jọ ló wà níbẹ̀?”

Ó ka owó sórí ìjókòó, níbi tí adìẹ ń yé sí.
Ó tún yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́fà kúrò lórí rẹ̀,
ó nà án sí Wọ̀rú: “Owó ríǹgì.”
Bíaú la ẹnu, ó pa á dé.

Mo fọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lálẹ́ ọjọ́ náà,
àtàńpàkò mi kò mọ́.
Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi bu òkèlè.