Eyín Kọ́kọ́rọ́

Mi ò wá a. Òun ló wá mi wá,
lóru ọjọ́ kan tí kùrukùru gun òkè láti etíkun,
tó bo Valparaíso mọ́lẹ̀ bí aṣọ ìbora,
tí ajá àdúgbò pàápàá panu mọ́.
Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù, irin ṣì wà lábẹ́ èékánná mi,
mo ń yí tẹlifíṣọ̀n kiri bí ẹni ń wá owó tó bọ́ sábẹ́ ibùsùn.
Ìbọn níhìn-ín. Ìbọn lọ́hùn-ún.
Ọkọ̀ ń lé ọkọ̀, gíláàsì ń fọ́,
ọlọ́pàá tó lẹ́wà ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ ń pariwo.
Lẹ́yìn náà, ìdákẹ́jẹ́.

Obìnrin kan dúró sínú yìnyín.
Kò sọ nǹkan kan. Ó ń wo ilẹ̀kùn.
Ó wò ó títí omi tí mo gbé kaná fi hó gbẹ.

Ẹstóníà ni wọ́n pe ilẹ̀ ọ̀hún.
Mo ya máàpù ilé-ìwé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jáde, mo fi ìka wá a:
ó kéré, ó fara ti òkun tútù
bí àlejò tí wọn ò pè, tó jókòó sí ìpẹ̀kun àga.
Èdè wọn ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí ẹja;
ọ̀rọ̀ funfun ń sáré kọjá nísàlẹ̀ àwòrán,
èmi náà ń sáré tẹ̀ lé e, awò ojú mi ń yọ̀ bọ́ sórí imú.

Maimu lorúkọ ọlọ́pàá náà.
Kò ní ìbọn tí mo rí. Ikọ́ ló ní.
Inú ọkọ̀ ló ti ń fọwọ́ jẹ sadíìnì látinú agolo.
Tó bá bi èèyàn ní ìbéèrè, á dákẹ́,
á jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ bá òun bi í lẹ́ẹ̀kejì.
Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń gé kọ́kọ́rọ́;
mi ò rí ẹni tó ní sùúrù bẹ́ẹ̀ rí,
àfi àgádágodo.

Apá kẹta ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ.
Wọ́n ní olóògbé ló ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀ látinú.
Wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ sókè sí ìmọ́lẹ̀,
kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ,
mo fò dìde, tíì dà sí mi lẹ́sẹ̀:
“Irọ́ ni! Eyín mẹ́rin ló ní,
eléyín márùn-ún ni ihò yẹn ń gbé mì!”
Yàrá ò dá mi lóhùn. Evaristo ti kú, ó pé ọdún mẹ́sàn-án;
òun ni ì bá wí pé, “Eduvigis, jókòó, eré ni.”

Ó di apá karùn-ún kí Maimu tó rí ohun tí mo rí.
Nígbà tó rí i, kò pariwo.
Ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó húkọ́,
ó gba ilé ẹ̀gbọ́n olóògbé lọ.

Ta ni kí n sọ fún?
Mo bi àwọn oníbàárà mi. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí.
Alápatà ní, “Ibo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?”
Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní eré tí kò níbọn, oògùn oorun ni,
síbẹ̀ ó bá mi gbà á sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.
Mo dákẹ́. Mo ń gé kọ́kọ́rọ́.
Ṣùgbọ́n inú mi ń dùn lọ́nà kan tó fẹ́ jọ ti olè,
bí ẹni tó mọ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wọ ilé ńlá.
Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo rí kọ́ lédè wọn: võti.
Kọ́kọ́rọ́ ni. Mo máa ń pè é fún ẹ̀rọ mi láràárọ̀.

Apá mẹ́fà, ó tán. Wọn ò ṣe òmíràn.

Lọ́jọ́ Sátidé mo pe Nibaldo, tó ti fẹ̀yìn tì nídìí ẹrù èbúté,
etí rẹ̀ kan ti dí; eré tí à ń kà kò ní ni ín lára.
Búrẹ́dì, píà tí mo fi iyọ̀ gún, tíì.
Ó kọ́kọ́ ń yán, ó ń wo aago.
Nígbà tó di apá kẹta, wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ sókè.
Mo fi búrẹ́dì dí ara mi lẹ́nu.
Nibaldo tẹ̀ síwájú lórí àga, ó fún ojú pọ̀,
ó ní, “Eduvigis,
dá a padà sẹ́yìn díẹ̀.”