Wákàtí Méjì

Àpótí dúdú ni wọ́n ń pè é. Irọ́ ni.
Ó pupa rúsúrúsú bí ọsàn tó pọ́n,
kí ẹni tó ń tú eérú lè tètè rí i.
Ìdí ọkọ̀ òfurufú ló ń gbé,
etí rẹ̀ wà níwájú, lókè orí àwọn awakọ̀.
Kò sí ohun tí kì í gbà: ikọ́, ìdérí ìgò omi,
orin tí awakọ̀ ń fi imú kọ.
Ṣùgbọ́n wákàtí méjì péré ni ikùn rẹ̀ gbà.
Bó bá kún, ó di wàláà àwọn ọmọ kéú Pàkátà:
wọ́n á fomi fọ ti àná kí ti òní tó ráyè.

Aago méjì ọ̀sán, ọyẹ́ bo pápá ọkọ̀ òfurufú Ìlọrin,
a ò rí ilé ìṣọ́. Ọkọ̀ kan já lulẹ̀,
táyà bẹ́, ó yà wọ koríko. Ẹnikẹ́ni ò kú.
Kápítéènì Ọlátẹ́jú sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà kan ló wọ̀.
"Àjàó, gòkè lọ fa fíúsì àpótí yẹn yọ,
kó má baà pa ọ̀rọ̀ ọ̀hún rẹ́."

Ogún ìṣẹ́jú ti lọ kí n tó gòkè. Fóònù dún.
Màámi ni, láti Ìsánlú-Ìsin.
Ẹnìkan ti sọ fún un pé ọkọ̀ já.
Gíríìsì kún ọwọ́ mi, mo tẹ̀ ẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde gbangba.
Ó dúpẹ́, ó tún dúpẹ́.
Ó ní ewúrẹ́ bí mẹ́ta, ọ̀kan ò lè dìde.
Ó ní ìyàwó Olúwọlé ò tíì dá àkàbà òun padà.
Ó ṣàdúrà fún mi, ó wá ṣe é fún táyà.
Ẹ̀rín pa mí. Mo sọ̀ kalẹ̀.
N ò fa nǹkan kan.

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo tó rántí. Mo sáré.

L'Ábújá, àwọn olùwádìí tẹ́tí de ìró táyà,
ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ni wọ́n gbọ́.
Wọ́n fún mi ní kúwéèrì, mo fọwọ́ sí i.

Nígbà òjò, Màámi kú.
Àpótí padà dé kí ogójì ọjọ́ rẹ̀ tó pé.
Èmi náà ni mo dè é mọ́ ọkọ̀ míì, nọ́ọ̀tì mẹ́rin.
Wọ́n tanná. Mo dúró sínú oòrùn, mò ń wo aago ọwọ́ mi.
Kí wọ́n tó gbéra nílẹ̀, ìdúpẹ́ ti ń lọ.
Ọmọ ewúrẹ́ lọ lókè Ògbómọ̀ṣọ́. Àkàbà lọ.
Ó ku àdúrà,
Ọ̀yọ́ ò sì jìnnà.

Wọ́n ní àdàkọ rẹ̀ wà nínú yàrá kan tí wọ́n tì l'Ábújá.
Fọ́ọ̀mù wà tí èèyàn lè kọ.
Mo ti kọ orúkọ mi, mo ti kọ déètì.
Ibi tí wọ́n ti béèrè ìdí ló ṣì ṣófo.