Kòtò Tí A Gbẹ́ Fúnra Wa

Mo ti jí kí aago márùn-ún tó lù.
Òjò dídì kì í pariwo lórí òrùlé;
ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ló fi ń sọ iye tó já lóru.
Mo ti ọ̀pá bọ ẹ̀yìnkùlé: ó dé orúnkún.
Afẹ́fẹ́ sì ti ìwọ̀-oòrùn wá, oníjàgídíjàgan.

Flurin, ọmọ àbúrò mi,
mo ní kí o tan ẹ̀rọ àyà rẹ kí n gbọ́.
Ó ké kín-ín, kín-ín, bí òròmọdìẹ nínú ẹ̀wù.
Ṣọ́bìrì. Ọ̀pá ìwákàn. Tíì. Búrẹ́dì àti wàràkàṣì.
A kò dárúkọ Jachen.
Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo wà lórí ìṣó lẹ́bàá ilẹ̀kùn,
ọdún mọ́kàndínlógún.
Ajá ló hú u jáde. Ìkejì kò tíì délé.

A gba àárín igi páínì gòkè,
pákó ìyọ̀ ń há ilẹ̀, ṣààà, ṣààà,
mo wà níwájú, o wà lẹ́yìn, àyè gbọọrọ láàrin wa,
torí bí òkè bá fẹ́ jẹun,
kó má bá àwa méjèèjì nínú abọ́ kan.

Lábẹ́ Sarvenna, níbi tí igi ti tán,
ipasẹ̀ ẹni méjì ti ṣáájú, ó gún bí ìránṣọ.
O ní, "Àǹtí, àwọn kan ti kọjá."
Ipasẹ̀ a máa sọ ibi tí èèyàn gbà.
Kì í sọ bóyá ó délé.

Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò ló kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.
Èmi kò lẹ́nìkan mọ́ tí n ó fi ra ọgbọ́n.
Àwa fúnra wa la gbẹ́ kòtò wa,
a wọ inú rẹ̀ ká má baà jìn sí i.

Funfun ni ògiri rẹ̀, àmọ́ funfun ju oríṣi kan lọ.
Lókè, ti àná, ó fúyẹ́ bí òwú;
lábẹ́ rẹ̀, èyí tí afẹ́fẹ́ kì mọ́lẹ̀, ó le bí pákó;
nísàlẹ̀ pátápátá, ti oṣù kọkànlá,
tí òtútù ti jẹ nínú títí ó fi di hóró-hóró.
Mo bù ú sí ọ lọ́wọ́. Kò dì. Ó ń ṣàn láàrin ìka.
"Iyọ̀," lo wí.
Iyọ̀ ni. Iyọ̀ tó máa yọ̀.
Pákó lórí iyọ̀, ìwọ lórí pákó:
ta ni yóò bá mi yọ̀ lálẹ́ òní?

Mo gé ògiri náà bí búrẹ́dì, mo gbá a lórí.
Ìgbá kẹta, ó yọ̀ wálẹ̀ lódindi,
ó jókòó lé mi nítan bí ọmọ.
Bí o sì ti sún ẹsẹ̀, ilẹ̀ mí: hùùm.
Kì í ṣe àrá.

A padà. O ń bínú, mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu pákó rẹ.
Ní ilé ìsinmi, Curdin ń rẹ́rìn-ín lórí kọfí:
"Ó dùn bí oyin lókè níbẹ̀! Kí lẹ bẹ̀rù?"
Mo bu ọbẹ̀ sínú abọ́ rẹ.

Òkè náà kò wó. Kò wó lọ́jọ́ náà,
kò wó lọ́sẹ̀ náà. Ipasẹ̀ wọn wà níbẹ̀
nínú oòrùn títí di Sunday, gbogbo abúlé rí i.
Kò sẹ́ni tó máa jẹ́rìí ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Lálẹ́, mo so ìbọ̀wọ́ rẹ méjèèjì
mọ́ ìṣó, lẹ́bàá ẹyọ kan yẹn.
Mo kà wọ́n.
Mo tún wọn kà.