Ilẹ̀ Tí Sẹ́ẹ̀lì Ń Fetí Sí

Ní Malatya, níbi tí wọ́n ti ń sá èso kàyísì sórí òrùlé,
bàbá mi Selami kò fẹnu kan ọtí rí.
Àrùn ẹ̀dọ̀ ló bá a wálé láti ibi iṣẹ́ sójà;
ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń fi àpá sílẹ̀,
títí ẹ̀dọ̀ fi le bí àtẹ́lẹ̀ bàtà.

Èmi Perihan, sẹ́ẹ̀lì wíwò niṣẹ́ mi.
Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ kan náà, mo pín in sínú abọ́ méjì:
ọ̀kan rọ̀ bí wàrà dídì,
ìkejì le bí àpá inú bàbá mi.
Lọ́jọ́ kẹsàn-án mo tẹjú mọ́ awò.
Èyí tó sùn sórí rírọ̀ ti di ọmọ ẹ̀dọ̀,
ó ń ṣiṣẹ́ ilé.
Èyí tó sùn sórí líle na ara rẹ̀ gbọọrọ,
ó ń hun okùn àpá bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀.
Ìyá kan ló bí wọn.
Ta ló wá sọ fún wọn?

Ewé tó pẹ́ lára ọṣẹ, ó dọṣẹ.
Wọn ò sọ ti ewé tó pẹ́ lára òkúta.

Agbálẹ̀ kan wà nínú ẹ̀dọ̀, kò ju bíńtín lọ.
Òkú sẹ́ẹ̀lì ló ń jẹ;
bó bá jẹ ẹ́ tán, a sọ ọ̀rọ̀ kan sétí aládùúgbò,
ọ̀rọ̀ yẹn ni aládùúgbò ń gbọ́ tó fi ń di ẹ̀dọ̀.

Mo ń ro èyí ní wọ́ọ̀dù, aago mẹ́ta òru,
Satı ń fi mọ́ọ̀pù nu abẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá mi.
Wọ́n ti gé nínú ẹ̀dọ̀ àbúrò mi Tuncer,
wọ́n ti rán an sínú bàbá.
Ẹ̀rù ń ba bàbá: “Ẹ̀dọ̀ ọmọdé, ṣé yóò mọ ilé mi?”
Mo mọ ìdáhùn, ó gba ojú ìwé mẹ́rìndínlógún,
ẹnu mi kò là.
Satı ló dúró, ó fara ti igi mọ́ọ̀pù:
“Bàbá, ẹ fi ẹ̀dọ̀ lórí òróòro.”
Bàbá di ojú ọgbẹ́ mú, ó bú sẹ́rìn-ín:
“Òróòro dà? Wọ́n ti gé e dànù!”

Oṣù mẹ́ta. Ẹ̀dọ̀ ti ń kún lára àwọn méjèèjì.
Èmi ti padà sídìí abọ́ líle.
Mò ń rọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀,
mo fẹ́ mọ̀ bóyá sẹ́ẹ̀lì tó ti ṣìnà
ṣì lè gbọ́.