Ọgbà Àgùntàn Leida

Leida, ọdún kọkànlá rèé
tí wáyà mi ti ń gba orí pápá rẹ kọjá,
igba mítà ó lé, láti ara igi páìnì ẹ̀yìn ilé mi
títí dé ibi òkúta tí òkun Sõrve ń fi ahọ́n lá.
O ò bi mí rí pé kí ló ń wá lójú sánmà.
O kàn sọ pé, "Heino, gbé e sókè díẹ̀,
kí àgbò mi má baà fi ìwo kọ́ ọ."
Mo gbé e sókè.

Ọgbà rẹ oníná ló kọ́kọ́ dá wa pọ̀.
Tík. Ó sinmi. Tík. Ó sinmi.
Ó ń gbá mi létí bí mo ṣe ń wá ohùn
tó tín-ín-rín ju okùn aláǹtakùn lọ,
nísàlẹ̀ pátápátá, ní mítà ọgọ́jọ,
níbi tí ìgbì ti gùn, tó ń wọ́ bíi màlúù olóyún,
tí kò jẹ́ jáde lọ́sàn-án, nítorí oòrùn a máa jẹ ẹ́.
Òkùnkùn nìkan ló mọ̀ ọ́n gbé.

Mo wá bá ọ lẹ́nu ọ̀nà, mo di fìlà mú.
Mo ní, "Wákàtí kan péré ni, lálẹ́."
O wo ẹrẹ̀ ara bàtà mi.
O ní, "Àgùntàn ò kúkú mọ aago."
Láti ọjọ́ náà, bí aago méje bá ti lù,
tík yẹn á dákẹ́,
èmi á sì mọ̀ pé o ti jẹun,
pé o ti fẹsẹ̀ ara rẹ rìn dé àká, tìwọ ti tọ́ọ̀ṣì.
A ò fi èyí ṣe ọ̀rọ̀ sọ rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ìparí oṣù kẹwàá,
aago méje lù. Tík.
Ó kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Tík.
Lọ́hùn-ún, nísàlẹ̀ ayé, ní Niusílàńdì,
ilẹ̀ fẹ́ẹ́ mọ́ lórí àgùntàn ẹlòmíràn;
láàárín òru tiwa àti àfẹ̀mọ́júmọ́ tiwọn
ni ilẹ̀kùn náà máa ń ṣí, bí ẹni mí lẹ́ẹ̀kan.
Mo bínú sí ọ, Leida. Jẹ́ kí n má purọ́.
Mo bínú fún odidi ìṣẹ́jú méjì
kí ẹ̀rù tó bà mí.

Mo sáré gba pápá. Rédíò ń bá àga òfìfo sọ̀rọ̀.
Mo bá ọ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, egungun itan rẹ ti kán,
tọ́ọ̀ṣì ń tàn nínú koríko,
ọwọ́ rẹ nà sí ibi tí wọ́n ti ń pa iná ọgbà,
ó ku bí ìgbọ̀nwọ́ kan.
Ohun tó o kọ́kọ́ sọ ni pé, "Mo pẹ́."

Báyìí, èmi ni mò ń pa á fúnra mi.
Aago méje, ìdákẹ́jẹ́ á dé,
kò sì sọ ohunkóhun fún mi mọ́.

Àná ló wọlé: táà-táà-tí-tí, tí-táà-tí-tí,
ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, mi ò mọ̀.
Ó pe àmì orúkọ mi láìṣì í pè,
ó fún mi ní nọ́ńbà mẹ́ta, mo fún un ní mẹ́ta.
Ó dúpẹ́. Mo dúpẹ́. Oòrùn wọn gbé e mì.
Mo fẹ́ sọ fún un pé àgùntàn mẹ́rìnlélógún
ló dúró nínú òkùnkùn láìsí ọgbà
kó tó lè gbọ́ mi. Mítà ọgọ́jọ ò láyè àròyé.
Mo wọ bàtà, kí n wá ròyìn fún ọ;
mo ti dé ìdajì pápá kí n tó rántí.
Fèrèsé rẹ ṣókùnkùn.

Dókítà ní ó di ìparí oṣù.
Àgbò rẹ fi ìwo kọ́ wáyà láàárọ̀ yìí.
Mo gbé e sókè díẹ̀ sí i.